Ìwé Aláwòrán Tí Mo Fi Sínú Agbọ̀n Òwú

Ìkọ̀lé-Èkìtì,
Nígbà ọyẹ́.

Ẹ kú ilé o, Yèyé mi, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ti ẹ̀yìnkùlé. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá mi níbi tí wọ́n jókòó sí lórí àpótí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi tí ó ru ẹrù ìyàwó mi dé ibí tí kò sọ pé ó rẹ òun. Mo kí gbogbo ìyàwó ilé wa, àgbà àti ọmọdé. Mo kọ ilé o. Bí a ti ń sọ ọ́ lẹ́nu ní Ìsàn, ulé ni ǹ bá kọ, ṣùgbọ́n nínú ìwé mẹ́ta péré tí mo kà, ẹgba tí mo jẹ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn kò kéré, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì tíì kúrò lára mi.

Yèyé mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé lẹ́tà yìí kò wá sọ́wọ́ yín nìkan. Inú ìwé ìròyìn ìjọ ni mo fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, èyí tí akọ̀wé ìjọ yín máa ń kà sókè lẹ́yìn ìsìn. Mo mọ̀ pé orí ìjókòó àwọn ìyá ni ẹ ó wà, gbogbo ojú yóò sì yí sí yín. Ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé bí wọ́n bá ní kí n lọ tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, ọbẹ̀ á ti jinná kí n tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n ní gbangba ni mo ti ba orúkọ ọmọ kan jẹ́, gbangba náà ló yẹ kí n ti tún un ṣe.

Ẹ ó rántí ìgbà tí mo wá bá yín ṣe Ìkórè, tí a jókòó lẹ́yìnkùlé tí à ń bó ẹ̀gúsí. Àwọn obìnrin bi mí pé báwo ni ọmọ tí mo bá nílé ọkọ, èyí tí ìyá rẹ̀ ti kú. Mo ní olè ni. Mo ní òpùrọ́ ni. Mo ní ó jí ìwé iléèwé, ó sì wo bàbá rẹ̀ lójú, ó ní òun kò rí i. Ẹnì kan ní ta ni ì bá kọ́ ọ, ìyá kò sí. Ẹlòmíràn ní kí n tètè wá nǹkan ṣe sí i kí èmi náà tó bí tèmi, kí ó má baà kó ìwà ràn án. Ẹ̀gúsí kò tíì tán nínú igbá tí ọ̀rọ̀ fi dé ọjà. Láti ọjà ó gba ọ̀nà Òsì lọ, ìlú ìyá ọmọ náà. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ti ránṣẹ́ sí ọkọ mi báyìí pé bí Kérésì bá ti kọjá, òun ń bọ̀ wá mú ọmọ-ọmọ òun lọ, kí wọ́n má fi orúkọ olè pa á sí Ìkọ̀lé. Ọkọ mi ti gbà.

Yèyé mi, irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo mú ìwé náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìkọ̀lé kì í ṣe ìlú burúkú. Ọyẹ́ ibí mú ju tiwa lọ, ètè mi ti là, àdí ni mo fi ń pa á. Ogun tí àwọn òyìnbó ń bá ara wọn jà yìí ti sọ iyọ̀ di ohun tí à ń fi ìka mẹ́ta bù. Mo di díẹ̀ sínú ewé fún yín, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Bàbá rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá pọn omi, màá gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ iléèwé níbi tí ọkọ mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà màá jókòó sídìí òfì mi, màá máa hun kíjìpá. Ènìyàn pọ̀ nínú agboolé, ṣùgbọ́n ẹnu mi lè wà ní pípadé láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yẹ orí. Wọ́n ní ìyàwó Tísà gbọ́n, kì í sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọgbọ́n. Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Tísà ni gbogbo ìlú ń pe ọkọ mi, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni, ojú rẹ̀ sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí ó bá wo ènìyàn, onítọ̀hún á fọwọ́ kan ojú ara rẹ̀ wò bóyá èérí wà níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tí ó bá nínú ilé. Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó wọlé, nítorí náà ọkọ ni ó jẹ́ fún mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí n fún un ní orúkọ tí èmi nìkan yóò máa pè é: Eyínafẹ́, Adúmáadán, ohunkóhun tó bá wù mí. Ìyá ọkọ mi dúró ọjọ́ méje kí n sọ ọ́, ó dúró oṣù kan. Mi ò sọ ọ́. Bí mo bá fẹ́ pe ọmọ náà, màá pàtẹ́wọ́, tàbí kí n ní ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún yẹn. Ìyá ọkọ mi ní nígbà tí òun wọ agboolé yìí, òun sọ gbogbo ọmọ ibẹ̀ lórúkọ, àní òun sọ ajá lórúkọ. Ó ní àbí ẹ̀yin ará Ìsàn máa ń kó orúkọ pamọ́ de ìgbà ọ̀dá ni. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó fà á. Bí mo bá sọ ọ́ lórúkọ, mo ti gbà nìyẹn pé ó ṣáájú mi.

Ó ní aṣọ kíjìpá kan tí ó fi ń sùn, ìyá rẹ̀ ló hun ún. Mo ti yẹ aṣọ náà wò nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí nílé. Ọwọ́ obìnrin náà dọ́gba ju tèmi lọ. Ìlà pupa tó wà létí rẹ̀ lọ gbọọrọ láti orí dé ìdí láìyà. Mo ti tú tèmi tún hun lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ń jowú ẹni tí ó ti kú, Yèyé mi, lórí ìlà aṣọ.

Nígbà náà ni ìwé aláwòrán dé. Ìyá òyìnbó kan tí ń bojú tó iléèwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló mú un wá, ó ní ti gbogbo kíláàsì ni. Kò sí A B D nínú rẹ̀ rárá. Àwòrán àwọn ọmọdé ni, ọ̀kan ní ojú ewé kan, ojú wọn sì tóbi kí ènìyàn lè rí i dáadáa. Ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ọmọ ajá. Ọ̀kan di ẹ̀ṣẹ́ nítorí ewúrẹ́ jẹ oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀kan sápamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀kan ń sunkún, imú rẹ̀ pọ́n. Ọmọ òyìnbó ni gbogbo wọn, àwọn ọmọ kíláàsì sì kọ́kọ́ bi Tísà bóyá òótọ́ ni pé òyìnbó máa ń sunkún. Ìyá ọkọ mi wo onímú pupa náà, ó ní ọ̀fìnkìn ló ń ṣe é, kí wọ́n fún un ní àgbo. Ó ní àwa rán ọmọ lọ síléèwé kí ó lọ kọ́ ìwé, ẹkún ọ̀fẹ́ pọ̀ nílé.

Ṣùgbọ́n mo rí ohun tí Tísà ń fi ìwé náà ṣe, nítorí pé mò ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ kan wà tí kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ lọ láàárọ̀. Á dì mọ́ òpó, á máa ké títí ohùn rẹ̀ á fi há. Tísà kò nà án. Ó ṣí ìwé níwájú rẹ̀, ó ní kí ó fi ọwọ́ kan èyí tí ó jọ ọ́. Ọmọ náà wò ó títí, ó fi ọwọ́ kan ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Tísà ní ó káre, ẹ̀rù ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ó ní ohun tó bá ti ní orúkọ, a lè pè é jáde. Lọ́jọ́ kejì ọwọ́ kan ni ọmọ náà fi di òpó mú. Lọ́jọ́ kẹta ó jókòó ti òpó náà. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé inú ń bí mi o, má fọwọ́ kàn mí, dípò kí wọ́n máa gé ara wọn jẹ. Èmi fúnra mi dúró ti ìgbálẹ̀ mi, mo ń wò wọ́n.

Ì bá dára bí ìwé náà bá dúró síléèwé. Ó ń bá Tísà wálé. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀, á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gbé ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, á ṣí ìwé. Á ní báwo ni inú ẹni yìí ṣe rí. Ọmọ á ní inú rẹ̀ bàjẹ́. Á ní kí ni o fi mọ̀. Ọmọ á ní ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti gùn ju ti òkè lọ. Àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín. Á wá ní ìwọ ńkọ́, báwo ni inú tìrẹ ṣe rí lónìí. Ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún un, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kò ní fo ohunkóhun.

Yèyé mi, láti ìgbà tí ẹ ti fà mí lé wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn Àjíǹde, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè yẹn. Wọ́n bi mí bóyá omi kù nínú àmù. Wọ́n bi mí bóyá iyán ti délẹ̀. Tísà kì í ṣe ènìyàn burúkú, kò bú mi rí, kò na ọwọ́ sí mi rí. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á dúpẹ́ bí ẹni tó jẹun nílé àlejò. Ojú ń tì í bí ojú ti ń ti èmi náà, a sì ń fi ìtìjú yẹ ara wa sílẹ̀ káàkiri ilé. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Àfi bí ó ṣe jókòó pẹ̀lú ọmọ yìí tí ọ̀rọ̀ ń tú lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwo ọbẹ̀ á máa jó mi lọ́wọ́, wọn kò ní gbójú sókè.

Ojú ewé tó kẹ́yìn ni mo kórìíra jù. Obìnrin kan jókòó, ó gbé ọmọ ọwọ́ sáyà. Ọmọ rẹ̀ tó dàgbà díẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó jẹ orógbó. Mo gbọ́ tí Tísà sọ fún ọmọ rẹ̀ pé owú nìyẹn. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ kọ́, ó ní inú ẹni náà ló ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Ìdí ààrò ni mo wà. Nígbà náà, mo rò pé ọmọ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí n tó wá bá yín ṣe Ìkórè, gbogbo wọn ti lọ sí oko. Mo mú ìwé náà lórí tábìlì, mo tì í bọ inú agbọ̀n òwú mi, mo kó òwú tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa láró lé e lórí. Mo ti fọwọ́ kan òwú náà, ó gbẹ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọyẹ́ máa ń tan ahunṣọ, pé òde òwú á gbẹ kánkán, inú rẹ̀ á ṣì tutù. Ìbínú kò jẹ́ kí n rántí.

Nígbà tí wọ́n wá ìwé tì, gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ ọmọ, nítorí pé ní àná rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé e sùn. Ó ní òun kò mú un. Tísà bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò nà án, ó kàn ní ìwé tó sọnù kò dun òun tó irọ́. Mo wà níbẹ̀, mò ń fẹ́ iná tí ó ti ń jó dáadáa.

Láti ọjọ́ náà kò sí ẹní mọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́: ẹsẹ̀ Tísà ṣófo. Ṣùgbọ́n kò pè mí láti wá jókòó. Ó ń jókòó sórí àga, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ akẹ́rù. Bí ilé ṣe rí nìyẹn nígbà tí mo wá sí Ìsàn, tí mo sì sọ ohun tí mo sọ nídìí ẹ̀gúsí.

Ọjọ́ kẹta tí mo padà dé ni ìyá ọkọ mi ní kí ọmọ náà wá bá mi ká òwú. Ó jókòó síwájú mi, ó na ọwọ́ méjèèjì, mo ń fi òwú kọ́ ọ. Nígbà tí ti ọwọ́ rẹ̀ tán, kí n tó dá a dúró, ó ti ki ọwọ́ bọ agbọ̀n láti mú òmíràn. Ìwé ló fà jáde. Aró ti mu ún. Nínú àwòrán ìparí, ó ti bo ìyá àti ọmọ ọwọ́ mọ́lẹ̀, ọmọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà nìkan ló kù.

Mo ń retí kí ó ké. Ó tẹ́ ìwé náà sórí itan rẹ̀, ó fi ìka kan ọmọ ẹnu ọ̀nà náà. Ó ní Ìyàwó, èmi nìyí nígbà tí ẹ dé. Ó wò mí pẹ̀lú ojú rẹ̀ yẹn, ó ní ẹ̀yin náà nìyí, nígbà tí ẹ bá gbé àwo ọbẹ̀ dúró. Ó ní òun máa ń rí mi. Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé ibẹ̀ ni ìwé wà. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti mọ̀, etí ìwé yọ díẹ̀ láàárín òwú ní ọjọ́ kejì tó sọnù. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún bàbá rẹ̀. Ó ní ojú mi jọ ti ọmọ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni, Bàbá sì ti sọ fún àwọn ní kíláàsì pé a kì í fa ilẹ̀kùn mọ́ irú wọn lọ́wọ́, à á dúró kí wọ́n jáde fúnra wọn. Ó wá ti ìwé padà sínú agbọ̀n, ó kó òwú lé e, ó ní kí n máa hun aṣọ mi lọ.

Ọmọ tí mo pè ní olè níwájú gbogbo obìnrin Ìsàn ló ń bá mi bo àṣírí mi. Bí wọ́n bá sọ ọ́ létí rẹ̀ pé ó ń lọ sí Òsì, á kàn máa ká aṣọ ìyá rẹ̀, á tún un ká. Kò fi mí sùn síbẹ̀.

Ẹ má rò pé owú náà ti tán, n kò fẹ́ tún purọ́ míràn. Mo ṣì ń tú ìlà pupa mi hun. Mo mọ̀ pé bí ìwé bá jáde, ẹní á tún padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ á tún gun ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, inú mi á sì tún le. Ó kàn jẹ́ pé mo ti mọ orúkọ rẹ̀ báyìí, mo sì mọ̀ pé ẹlòmíràn ti mọ̀ ọ́n kí n tó mọ̀.

Nítorí náà, Yèyé mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde lọ sí Òsì kí Kérésì tó dé. Kíjìpá tí mo fi ránṣẹ́ sí yín nínú ẹrù iyọ̀ kì í ṣe tiyín, ẹ má bínú. Ẹ gbé e fún ìyá-ìyá ọmọ náà, ẹ kúnlẹ̀ bá mi, ẹ ní ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ọmọ rárá, kí wọ́n jẹ́ kí ó dúró. Ẹ sọ fún wọn pé mo mọ̀ pé ìlà rẹ̀ kò tọ́ bí ti ọmọ wọn. Ẹ̀yin obìnrin tí a jọ bó ẹ̀gúsí, bí ẹ ṣe tètè gbé ti àkọ́kọ́ dé ọjà, ẹ bá mi gbé èyí náà débẹ̀.

Ó ku Tísà. Mi ò tíì sọ fún un. Mo ti dúró níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo bi í bóyá ó fẹ́ omi. Ṣùgbọ́n òun ló ń ka gbogbo ohun tí ń ti Ìkọ̀lé lọ sínú ìwé ìròyìn, òun ló ń tún ìkọ̀wé wa ṣe. Bí mo bá parí, màá fi lẹ́tà yìí sí ojú ewé tí aró bà jẹ́, màá gbé ìwé náà sórí tábìlì rẹ̀, màá sì lọ sí odò, kí n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Tísà, bí ẹ bá ti kà á dé ibí, ẹ forí jì mí, ẹ sì kọ́kọ́ pe ọmọ yín kí ẹ tó pè mí. Bí ẹ bá tún tẹ́ ẹní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ létí rẹ̀. Mi ò ní dí yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá bi mí pé báwo ni inú mi ṣe rí, ó ṣeé ṣe kí n má dáhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ tún bi mí lọ́jọ́ kejì. Ẹ lè tún ìkọ̀wé mi ṣe bí ó ti wù yín, àmọ́ ẹ má yọ ìyẹn kúrò.

Yèyé mi, bí wọ́n bá ń ka èyí sí yín létí nísinsìnyí, ẹ mọ̀ pé Tísà ti kà á, ó sì ti fi ránṣẹ́.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jẹ èrè wa. Ẹsẹ̀ yín kò ní kọ lọ́nà Òsì. Bàbá kò ní rí ibi, Ẹ̀gbọ́n mi yóò rí ìyàwó rere, aya tí kò ní fi nǹkan pamọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ìjọ, ẹ kí ará ilé àti ará oko. Ìyá ọkọ mi kí yín. Ẹlẹ́yinjú-Ẹgẹ́ náà kí yín. Bí ẹ bá ń béèrè pé ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi kékeré ni, òun ló jókòó tì mí níhìn-ín tí ó ń bá mi di ìgò tàdáwà mú. Ní òwúrọ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ pè é. Ó dáhùn kí n tó pè é tán.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìbídùn.